Àlejò Tí Kò Wọ Ìwé: Ìtàn Ìṣirò Owó Ìrìn-àjò Ní Etí Òkun Ugbò

Bí ènìyàn bá gba Òkìtìpupa dé Igbókòdá, tí ó fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tí ó dorí kọ ìhà òkun, tí ọkọ̀ náà ń gba àárín koríko àti igi etí odò kọjá, tí ilé orí òpó ń yọjú lápá ọ̀tún, tí òmíràn ń yọjú lápá òsì, Òde-Ugbò ni yóò dé, ìlú Olúgbò tí í ṣe ọba Ugbò, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé tí ó para pọ̀ di ilẹ̀ Ìlàjẹ pẹ̀lú Màhìn, Etíkàn àti Ahẹ́rí. Kò sí ẹni tí ń ṣèèṣì yà sí Òde-Ugbò. Ẹni tí a bá rí níbẹ̀ tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ó ní ohun tí ó wá ṣe: ó wá kí Kábíyèsí, ó wá wo ọdún, ó wá sin òkú ìbátan rẹ̀, ó wá ra ẹja, tàbí ó kàn wá wo bí ọmọ ènìyàn ti ń gbé orí omi tí omi kò sì gbé e lọ. Ó san owó ọkọ̀, ó jẹ, ó mu, ó sùn, ó sì fi nǹkan sílẹ̀ nígbà tí ó ń padà. Síbẹ̀, nínú ìwé tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi ń ṣírò ohun tí ìrìn-àjò afẹ́ ń mú bọ̀ sínú ọrọ̀-ajé rẹ̀, bí ẹni tí kò kúrò nílé rárá ni ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀ràn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́ ju ìwé ìjọba lọ.

Àwọn baba ńlá wa kò fẹ́ràn kí a máa ka ènìyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kà á láìfi falẹ̀. Láyé owó ẹyọ, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣà á sọ́tọ̀ lórí ẹní. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn a di ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá a sì di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí ọkùnrin alágbára ń rù tí ọrùn rẹ̀ ń wọ̀. Nítorí náà, níbi tí àlejò bá ti ń san owó nìkan ni a ti ń mọ iye àlejò, ibẹ̀ náà sì ni ẹnu ibodè. Oníbodè kì í bi àjèjì bóyá afẹ́ ni ó bá wá tàbí òwò, bóyá ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ni ó ń lọ tàbí ọ̀dọ̀ babaláwo. Ẹrù orí rẹ̀ ni ó ń wò, owó ẹrù náà ni ó sì ń gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àjèjì ti pọ̀ tó nínú ìlú olódi kan láyé ọjọ́un, àpò oníbodè ni ì bá yẹ̀ wò. Gbogbo ìṣirò ìrìn-àjò tí ó tẹ̀lé e, títí dé ti àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní, ọmọ àpò oníbodè yìí ni, bí ọmọ náà tilẹ̀ ti wọ aṣọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n omi kò ní odi, a kò sì lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀sà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti ń ti etí òkun Ugbò lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Èkó ní ìwọ̀-oòrùn, tí ó sì ń lọ sí ilẹ̀ Ìṣẹ̀kírì, Ìjọ̀ àti Ẹ̀dó ní ìlà-oòrùn. Ará etí òkun ń se omi òkun di iyọ̀, ó ń yan ẹja, ó ń hun ẹní. Ará Ìkálẹ̀ àti ti Oǹdó ń gbé iṣu àti epo wá pàdé rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ra iyọ̀ kì í padà lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé ìgbà tí omi bá gbà ni ọkọ̀ ń gbéra. Yóò sùn, ẹni tí ó sì sùn gbọ́dọ̀ jẹun. Báyìí ni òwò àti àlejò ṣíṣe ṣe di ohun kan náà lórí omi, tí kò sí ẹni tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, tí kò sì sí oníbodè tí ó dúró láàárín ọ̀sà láti kà wọ́n.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà omi yìí di pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ogun ń jà ní òkè, ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú ń tì lóòrèkóòrè, owó sì ń bà jẹ́ mọ́ àwọn oníṣòwò Èkó lọ́wọ́. Ní bíi 1872, nígbà ìṣàkóso John Glover, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà ìlà-oòrùn ṣe, ọ̀nà tí ó gba orí ọ̀sà, tí ó kan Ìtẹ̀bú àti Atíjẹ́rẹ́, tí ó gúnlẹ̀ ní Ayésàn, tí ó sì gba inú igbó lọ sí Òde Oǹdó, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ọ̀nà yìí ni Charles Phillips, àlùfáà ìjọ CMS tí ó di bíṣọ́ọ̀bù níkẹyìn, gbà lọ sí Oǹdó ní 1877. Ronú sí ohun tí ìrìn bẹ́ẹ̀ ń ná ni: atukọ̀ mélòó kan tí ń gba owó iṣẹ́ àti oúnjẹ, ibùsùn ní ìlú etí omi, ẹ̀bùn fún baálẹ̀, ẹni tí yóò ru ẹrù láti èbúté wọ igbó. Gbogbo owó yìí ni ó bọ́ sí ọwọ́ ará ọ̀sà. Bí kò bá ṣe pé àwọn oníwàásù a máa kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, tí wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n sùn àti ohun tí ojú wọn rí sínú rẹ̀, a kì bá tí mọ̀ pé àlejò kankan gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà tí ó di 1885, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ó fi bí ìṣirò àti ibodè ti so mọ́ ara wọn hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg tí ó ní ilé ìtajà ní Èkó, lọ bá Amápetù, ọba Màhìn, aládùúgbò Olúgbò, ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà lórí ilẹ̀ etí òkun Màhìn; Gustav Nachtigal, aṣojú olú-ọba Jámánì, sì fi ọwọ́ sí i. Kí ni Jámánì ń wá ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn? Ẹnu ọ̀nà tí kọ́sítọ̀ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì kò jókòó sí ni. Gbogbo ẹrù tí ó bá gba Èkó wọlé ni Gẹ̀ẹ́sì ń kà tí ó sì ń gba owó orí rẹ̀. Bí ẹrù bá lè gba Màhìn bọ́ sí ọ̀sà, kò sí ẹni tí yóò kà á. Ariwo ta ní London, ọ̀rọ̀ náà di ti àwọn olóṣèlú Yúróòpù, kí ọdún náà sì tó parí, Jámánì ti yọwọ́yọsẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé fún oṣù díẹ̀, èbúté kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ da àárín ìjọba ńlá méjì rú, kì í ṣe nítorí wúrà tàbí dáyámọ́ǹdì, bí kò ṣe nítorí pé àwọn kan fẹ́ kà, àwọn kan kò sì fẹ́ kí a ka àwọn.

Èmi kò lè kọ̀wé lórí Ugbò kí n má yà sí Ifẹ̀ díẹ̀, nítorí pé okùn tí ó so àwọn ìlú méjèèjì pọ̀ kò já, bí ìjà ti pọ̀ tó lórí rẹ̀. Àwọn Ugbò ní àwọn ni onílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, àti pé ìjà ni ó lé àwọn jáde kí àwọn tó dórí kọ ọ̀nà omi. Ifẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀, a kò ní fi ìwé yìí ṣe ilé ẹjọ́. Èyí tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ni ìtàn Mọremí: bí àwọn jagunjagun Ugbò ṣe ń fi imọ̀ àti ìko bo ara bí ará ọ̀run tí wọ́n ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú, bí Mọremí ṣe jẹ́ kí wọ́n mú òun, tí ó di aya ọba wọn, tí ó mọ àṣírí wọn, tí ó sá padà, tí Ifẹ̀ fi iná pàdé wọn, tí ó sì fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí rẹ̀. Ní 2016, Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ère Mọremí tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Ní 2018, wọ́n gbé eré olórin lórí Mọremí sórí ìtàgé ní Èkó, àwọn ènìyàn sì san owó ńlá wọlé. Ìdajì ìtàn yìí, ààfin ọba Ugbò ni ó ti ṣẹlẹ̀: ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti yọ, ibẹ̀ ni obìnrin náà ti gbé. Ẹni tí ó lọ wo ère náà, Ifẹ̀ ni ó ń san owó òtẹ́ẹ̀lì sí. Ìtàn jẹ́ ti ìlú méjì, owó rẹ̀ jẹ́ ti ìlú kan, kò sì sí ìwé ìṣirò kankan láyé tí ó ní àyè fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣírò ọrọ̀ Nàìjíríà pọ̀ lójú kan, tí a ní kí a mọ iye ohun tí gbogbo àgbẹ̀, apẹja, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń pèsè láàárín ọdún kan, iṣẹ́ àwọn Òyìnbó ọ̀mọ̀wé méjì ni, Prest àti Stewart, tí wọ́n ṣírò ti ọdún 1950 sí 1951, tí ìwé wọn sì jáde ní London ní 1953. Lẹ́yìn wọn ni Pius Okigbo, ọmọ Ojoto ní ilẹ̀ Ìgbò, ẹ̀gbọ́n Christopher Okigbo akéwì, gba iṣẹ́ náà, tí ó ṣírò láti 1950 dé 1957, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní etí òkun Ugbò ní àkókò náà gan-an tí Prest àti Stewart ń ka owó Nàìjíríà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, àwọn kan láti inú àwọn ìjọ Aládùúrà, tí àwọn ará ìlú ti ń ṣe inúnibíni sí, kó ara wọn jọ sí etí òkun, wọ́n sì tẹ Ayétòrò dó. Àpapọ̀ ni wọ́n fi ohun gbogbo ṣe. Ẹni tí ó pa ẹja kò tà á sápò ara rẹ̀, ẹni tí ó kan ọkọ̀ kò gba owó iṣẹ́, ẹni tí ó rán aṣọ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ìlú ni ó ń bọ́ gbogbo wọn, ìlú ni ó ń kọ́ ilé fún wọn. Wọ́n la odò, wọ́n fi pákó tẹ́ títì lórí ẹrẹ̀, wọ́n ní iná mọ̀nàmọ́ná kí òmìnira Nàìjíríà tó dé, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà. Òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn olóyè ìjọba wọkọ̀ lọ wò wọ́n. Ará Kánádà kan, Stanley Barrett, gbé àárín wọn, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1977. Bí a bá ń wá ibi tí ìrìn-àjò afẹ́, ní ìtumọ̀ rẹ̀ ti òde òní, ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ayétòrò ni.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni oníṣirò ṣe lè kọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Àlejò dé, a fún un ní yàrá, kò sí owó yàrá. A fún un ní ẹja, kò sí owó ẹja. Ọmọkùnrin tí ó tu ọkọ̀ fún un kò gba owó ọ̀yà, kì í ṣe nítorí pé a rẹ́ ẹ jẹ, bí kò ṣe nítorí pé owó ọ̀yà kò sí ní ìlú náà. Ẹja tí a pa wọ ìṣirò, nítorí pé oníṣirò a máa díwọ̀n ohun tí ènìyàn pèsè fún ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú, ìkínikáàbọ̀, oúnjẹ tí a sè, ẹní tí a tẹ́, òru tí a fi ṣọ́ iná fún àlejò kí ẹ̀fọn má jẹ ẹ́, gbogbo ìyẹn fò kọjá lórí ìwé bí ẹyẹ. Nígbà tí ètò àpapọ̀ náà fi ń yẹ̀ ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, tí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀, ìwé orílẹ̀-èdè lè ti rò pé ọrọ̀ Ayétòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, nítorí pé ohun tí a ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń ní iye. Ẹni tí ó mọ ìlú náà ní ìgbà méjèèjì yóò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará òkè òkun náà kò tètè rí ojútùú ọ̀ràn yìí. Ní 1937, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè sọ pé arìnrìn-àjò afẹ́ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá lo wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ní ìpàdé Róòmù ní 1963, wọ́n fi kún un pé ẹni tí ó bá dé láàárọ̀ tí ó sì padà lálẹ́, àlejò ni òun náà, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Títí di ìgbà yìí, ẹni tí ó ti ilẹ̀ mìíràn wá ni wọ́n ń rò. Ó di ìpàdé Ottawa ní 1991, tí àjọ ìṣirò ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí àbájáde rẹ̀ ní 1993, kí wọ́n tó fi gbogbo ẹnu gbà pé ọmọ onílé tí ń rìn káàkiri ilẹ̀ baba rẹ̀ náà yẹ ní kíkà. Kánádà ni ó kọ́kọ́ kọ odindi ìwé ìṣirò fún ìrìn-àjò afẹ́, ní 1994. Ní 2000, gbogbo ayé fara mọ́ ìlànà kan, tí a tún ṣe ní 2008.

Ìwé ìṣirò yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Tourism Satellite Account, ní ọgbọ́n nínú. Ìṣòro tí ó wá yanjú ni pé ìrìn-àjò afẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan bí iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ ẹja pípa. Ẹja yíyan kan ṣoṣo lè wà lórí àtẹ ní Igbókòdá. Bí ìyá kan láti ẹ̀bá ibẹ̀ bá rà á fún ọbẹ̀ alẹ́, iṣẹ́ ẹja ni. Bí ẹni tí ó ti Àkúrẹ́ wá wo ọdún bá rà á jẹ pẹ̀lú púpurú, owó ìrìn-àjò afẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ẹja kò yí padà, ẹni tí ó tà á kò yí padà, iye kò yí padà. Olùrà ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo inú ìwé ọrọ̀-ajé, tí ó ń wá ìlà tí a kọ «ìrìn-àjò afẹ́» sí, kò lè rí i. Inú owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ibùsùn, owó aṣọ àti owó ìlù ni ó fọ́n ká sí, ó sì di dandan kí a lọ bi olùrà léèrè ibi tí ó ti wá kí a tó lè ṣa á jọ.

Òfin tí wọ́n fi mọ ẹni tí a lè pè ní àlejò kò le. Kí ó kúrò ní àyíká tí ó ń gbé tí ó sì ń rìn ní ojoojúmọ́. Kí ó má lo tó ọdún kan. Kí ó má jẹ́ pé iṣẹ́ oṣù lọ́dọ̀ ará ibẹ̀ ni ó wá gbà. Bóyá ìgbafẹ́ ni ó bá wá, tàbí òwò, tàbí ìjọsìn, tàbí ìwòsàn, tàbí àtikí ẹbí, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a mú òfin yìí dúró sí èbúté Igbókòdá. Alájàpá tí ó ń ti ìlú kan wá ra ẹja ní gbogbo ọjọ́ ọjà kì í ṣe àlejò: àyíká rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin tí ẹni tí ó ni àwọ̀n gbà láti bá a pẹja kì í ṣe àlejò: iṣẹ́ ni ó wá ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ tí a bí sí Bàrígà tàbí Mákòókò ní Èkó, tí ó wọkọ̀ padà sí Òde-Ugbò ní àkókò ọdún, tí ó ń jó Bírípo ní ìta ààfin, tí gbogbo ìlú ń pè ní ọmọ wa, àlejò ni lójú ìwé, owó rẹ̀ sì jẹ́ owó ìrìn-àjò afẹ́ gidi. Òun náà kò ní gbà bí o bá sọ fún un. Ẹni tí ó wá búra níwájú Ayélálà, òrìṣà tí ìtàn sọ pé ó ti inú àdéhùn àlàáfíà láàárín Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ yọ, tí àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ Ẹ̀dó pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀, àlejò ni bákan náà, bí kò tilẹ̀ sí ohun afẹ́ kankan nínú ìdí tí ó fi wá.

Nàìjíríà kò ṣàì gbọ́ nípa ìlànà yìí. Ó dá ẹgbẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀ ní 1962, ó sọ ọ́ di àjọ ìjọba ní 1976, ó tún fi òfin kẹ́ ẹ ní 1992, ó sì tún yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2022. Ní oṣù keje ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, pé ti ìjọba àpapọ̀ kò kọjá ìwọlé-ìjáde àwọn arìnrìn-àjò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, NBS, tún gbogbo ìṣirò ọrọ̀ Nàìjíríà ṣe. Oríṣi iṣẹ́ tí ó ń kà kúrò ní 33 ó di 46, sinimá àti orin sì rí ìlà tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọrọ̀ ọdún 2013, tí wọ́n ti pè ní bíi tírílíọ̀nù 42 náírà, di èyí tí ó lé ní tírílíọ̀nù 80. Lóru ọjọ́ kan, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀-ajé rẹ̀ tóbi jù ní Áfíríkà, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kan tí ó jí tí ó bá náírà kan sí i lábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tí a kò kà ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù nínú ìwé náà ni ti ibùsùn àti oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ni a sì fi ń rò ó. Ìlú tí àlejò ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbátan rẹ̀ kò ní ọ̀nà tí ó fi lè wọ ìlà yẹn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 290,615 ènìyàn sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ti onílé ni a mọ̀, a kò mọ ti àlejò.

Ibí yìí ni òwe àwọn àgbà ti wúlò ju ìwé lọ, èyí tí ó ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Gbé ilé kan yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ ọdún. Baálé ilé ti ra bẹntiróòlù fún ọkọ̀ tí yóò lọ gbé àwọn àlejò ní Igbókòdá. Ìyàwó rẹ̀ ti fi ẹja ọ̀bọ̀kún tí ó tóbi jù pamọ́, èyí tí ì bá tà. Ó ti ra púpurú lọ́wọ́ ará Ìkálẹ̀, ó ti yá ẹní àti ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò. Àlejò mẹ́fà dé, wọ́n sùn, wọ́n jẹ, wọ́n jó, wọ́n lọ; wọ́n fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ìlànà àgbáyé sọ pé ohun tí ẹlòmíràn bá san nítorí àlejò, owó ìrìn-àjò afẹ́ ni, kì í ṣe èyí tí ó ti àpò àlejò jáde nìkan. Nítorí náà, bẹntiróòlù yẹn yẹ ní kíkà, púpurú yẹn yẹ ní kíkà, ẹja tí a kò tà yẹn ní iye. Èyí tí ìlànà kò kà ni ẹ̀yìn obìnrin náà tí ó ń ro ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi dáná, nítorí pé iṣẹ́ ilé tí a ṣe láìgba owó kò sí nínú ìwé ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè kankan. Bí gbèsè ọdún bá sì gun orí gbèsè ọdún ní ilé náà títí di ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìwé yóò sọ pé ìrìn-àjò afẹ́ mú èrè wá.

Ohun mìíràn wà tí ìwé kì í rí, èyí sì burú jù. Òkun ń jẹ Ayétòrò. Kì í ṣe àsọdùn: ilé ìjọsìn, ilé ìwé, títì tí àwọn baba wọn fi pákó tẹ́, ibojì àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lábẹ́ omi, ìlérí ìjọba láti fi ògiri dá omi náà dúró kò sì tíì dá a dúró. Ìṣirò ń ka owó tí ó wọlé lọ́dún. Kò ní ìlà fún ohun tí àwọn àlejò ń wá wò tí ó ń wọ omi lọ. Bí àwọn oníwèé ìròyìn bá gba ọkọ̀ lọ ya àwòrán ìparun náà, owó ọkọ̀ wọn yóò tún wọ ìwé bí èrè.

Ibi tí ìṣirò tòótọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà, kò sì ní ná ìjọba ní owó ńlá. Kò sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìlàjẹ, òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi sí Òde-Ugbò ní ẹnu, Igbókòdá sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ mọ iye ẹni tí wọ́n gbé ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ọkọ̀ kì í gbéra títí àyè ìjókòó yóò fi kún, awakọ̀ a sì ka orí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fa ẹ́ńjìnì. Kí NBS tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó rán ọ̀dọ́mọdé méjì tí ó gbọ́ èdè Ìlàjẹ dáadáa wá jókòó sí èbúté ní ọ̀sẹ̀ ọdún, pẹ̀lú ìwé àti agbòjò, kí wọ́n sì bi olúkúlùkù ní ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni ẹ ń gbé, ọjọ́ mélòó ni ẹ lò, èló ni ó ti ọwọ́ yín àti ọwọ́ ẹni tí ó gbà yín lálejò jáde. Kí wọ́n bi wọ́n nígbà àbọ̀; nígbà àlọ, kò sí ẹni tí ń sọ iye owó tí ó wà lápò rẹ̀ létí omi.